Gbẹ́rẹ́ Lára Mẹ̀sí

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní ṣọ́ọ̀bù l'Ékòó níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọkọ̀ bọ̀gìnnì: Mẹ̀sí, Bentley, àwọn jíìpù tí owó wọn tó kọ́ ilé. Fífọ̀ nìkan kọ́ ni iṣẹ́ wọn o. Ọkọ̀ kan lè lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀ kí wọ́n tó dá a padà fún olówó rẹ̀. Ó pè mí lọ́jọ́ kan, ó ní, "Àbúrò, ìwọ tó o máa ń kọ Yorùbá, bá mi kọ òfin iṣẹ́ wa sínú ìwé ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ti Gẹ̀ẹ́sì tó wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ò kà á." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn ò le, ẹ fún mi ní ọjọ́ méjì." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà mí.

Orúkọ iṣẹ́ náà gan-an ni mo ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kọ. Paint correction ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Mo kọ "àtúnṣe ọ̀dà" wéré, mo rò pé ó ti bọ́ sí i. Oníbàárà kan tó jókòó níbẹ̀ kà á, ojú rẹ̀ yí padà: "Ẹ fẹ́ sípúréè ọkọ̀ mi ni?" Kò jẹ̀bi. Létí ẹni tó bá ti dé ọ̀dọ̀ páńẹ́ẹ̀lì-bítà rí, ọ̀dà tí wọ́n tún ṣe ni ọ̀dà tí wọ́n tún kùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í fi ọ̀dà kankan kún un nínú iṣẹ́ yìí. Wọ́n ń yọ díẹ̀ kúrò ni.

Ìpele ìpele ni ọ̀dà ọkọ̀ òde òní. Èyí tó ń gba irin lọ́wọ́ ìpẹtà wà nísàlẹ̀, àwọ̀ wà lórí rẹ̀, èyí tí kò ní àwọ̀ rárá, tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, ló sì wà lókè pátápátá. Kílíà ni àwọn tó ń sípúréè ń pè é, n ò sì wá orúkọ mìíràn fún un. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bíi 40 sí 50 máíkírọ́ọ̀nù ni nínípọn kílíà yìí. 1,000 máíkírọ́ọ̀nù ló wà nínú mìlímítà kan. Irun orí èèyàn tó bíi 70. Inú ohun tó fẹ́lẹ́ ju irun lọ ni gbogbo iṣẹ́ wọn ti ń wáyé. Ẹni tó bá yọ máíkírọ́ọ̀nù mẹ́ta ti ṣe bẹbẹ. Ẹni tó bá yọ ogún ti ba ọkọ̀ olówó jẹ́, bó tilẹ̀ ń dán lójú ẹsẹ̀, torí oòrùn ò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bó ohun tó kù.

Kí ni ká wá pe yíyọ yìí? Fífá? Ẹ sọ fún olówó Bentley pé ẹ fẹ́ fá ọkọ̀ rẹ̀ lára, kí ẹ wo bí yóò ṣe wò yín. Mo dán lílọ̀ wò, mo dán gbígbo wò, n kò gbádùn wọn. Ìgbà tó yá ni mo rántí àwọn agbẹ́gilére. Kevin Carroll, àlùfáà ìjọ Àgùdà tó bá àwọn oníṣẹ́ ọnà ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, tí ìwé rẹ̀ lórí iṣẹ́ igi Yorùbá jáde ní 1967, to ìpele iṣẹ́ wọn lẹ́sẹẹsẹ bí wọ́n ṣe ń pè é lẹ́nu ara wọn: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán, fínfín. Dídán ni ìgbà tí ojú igi tó rí gbágungbàgun ń di jọ̀lọ̀.

Ẹ wo ẹrù tí ọ̀rọ̀ kékeré yìí gbé. Tí nǹkan bá jọ̀lọ̀, a ní ó dán. Tó bá ń kọ mànà, a tún ní ó dán. Ọ̀rọ̀ méjì ni Gẹ̀ẹ́sì ní fún un. Ọ̀kan ni tiwa, ìmọ̀ ìmọ́lẹ̀ sì gbè wá lẹ́yìn: ojú tó bá tẹ́jú a dá ìmọ́lẹ̀ padà sọ́nà kan, ojú tó bá ha a fọ́n ọn káàkiri, dúdú á wá rí bí eérú. Ọkọ̀ kò lè dán tí kò bá dán. Mo kọ "ọ̀dà dídán" sókè ìwé, oníbàárà kankan ò sì tún fòyà.

Ọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ mi jù, èmi kọ́ ni mo ni ín. Ẹ gbé iná tọ́ọ̀ṣì sún mọ́ ọkọ̀ dúdú tí wọ́n ti ń fọ̀ lẹ́bàá títì fún ọdún méjì, ẹ ó rí ilà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí iná náà ká bí òwú aláǹtakùn. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ní Gẹ̀ẹ́sì sọ pé wọ́n ń yí po. Irọ́ ni. Gbọọrọ ni ilà wọ̀nyí, ọ̀nà gbogbo ni wọ́n dojú kọ, ṣùgbọ́n àwọn tó dábùú ìmọ́lẹ̀ nìkan ni ojú wa ń rí, ni wọ́n fi dà bí òrùka. Ẹ sún iná sí ọ̀tún, òrùka á bá a lọ. Mo ti kọ "ilà yíyípo" kí n tó mọ èyí, ewu ló sì jẹ́, torí ọmọ tó bá kà á á gbà pé bí òun ò bá ti fọ ọkọ̀ yípo, wàhálà ti tán.

Mo bi ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Ṣakí, ohun tó ń pè é. Kò tilẹ̀ ronú. "Gbẹ́rẹ́ ni, bùrọ̀dá. Wọ́n ti sín gbẹ́rẹ́ fún un."

Mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà mo dákẹ́. Gbẹ́rẹ́ kì í jìn, kì í dá wà, abẹ ló ń ṣe é, ẹni tó sì ń sín in kò ní ibi lọ́kàn. Gbogbo rẹ̀ bá a mu. Ó tún jẹ́ ká lè ya èyí tó jìn sọ́tọ̀: tí èékánná bá ti há sí i, kì í ṣe gbẹ́rẹ́ mọ́, ọkọ̀ ti kọlà nìyẹn, ẹni tó bá sì fẹ́ dán ilà tán yóò dán kílíà tán mọ́ ọn. (Ọmọ náà ti ń fi pélé àti àbàjà ya bọ́nẹ́ẹ̀tì sọ́tọ̀ kí n tó kúrò níbẹ̀.) Abẹ náà di ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Yanrìn tó há sínú kànrìnkàn, abẹ ni; eruku ọyẹ́ tí wọ́n fi àkísà gbígbẹ nù, abẹ ni. Mo kọ ọ́ gàdàgbà: kànrìnkàn tó bá bọ́ sílẹ̀ ti di abẹ, ẹ má fi kan ọkọ̀. Garawa méjì ni kẹ́ ẹ lò, ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún ṣíṣan kànrìnkàn.

Ọ̀dà fúnra rẹ̀ dá mi láàmú níbì kan. Ohun tí wọ́n fi ń kun ọkọ̀ ni, ohun tí wọ́n ń dà sí títì náà sì ni, ni mo bá rí i tí mo kọ "ẹ yọ ọ̀dà kúrò lára ọ̀dà." Mo tètè sọ ọ́ di ọ̀dà títì. Òun àti ẹ̀ẹ́rún irin tó ń fò láti ara bíréèkì, omi àti ọṣẹ ò ká wọn. Ohun tó ń fà wọ́n kúrò ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní amọ̀, àmọ́ ẹ ò lè fi mọ ìkòkò. Wọ́n á pò ó lọ́wọ́, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, wọ́n á fín omi tó ń yọ̀ sí ara ọkọ̀, wọ́n á wá máa fà á lọ fà á bọ̀. Mo pè é ní òkèlè. Òfin rẹ̀ ò gba àlàyé: òkèlè tó bá já sílẹ̀, a kì í mú un padà sẹ́nu.

Ti oògùn tí wọ́n fi ń dán an, ọlọ ìyá mi ló yọ mí. Èyí tí kò kúnná ló ń ṣáájú, èyí tó kúnná ló ń kásẹ̀ iṣẹ́ nílẹ̀. Òmíràn wà tó ń kúnná sí i bí wọ́n ṣe ń lò ó, bí ata lórí ọlọ. Ẹ̀rọ tó ń yí lójú kan yára, ó ń gbóná, ó sì lè jó ọ̀dà létí ilẹ̀kùn. Èyí tó ń yí tó tún ń rìn kiri, òkòtó ni.

Ìda kò nílò orúkọ tuntun, ó ti wà lédè wa tipẹ́. Carnauba, tó lókìkí jù nínú iṣẹ́ yìí, ara ewé ọ̀pẹ kan ló ti ń wá ní àríwá ìlà-oòrùn Brazil, ní Ceará àti Piauí. Wọ́n á gé ewé náà, wọ́n á sá a, wọ́n á lù ú kí ìda gbọn kúrò lójú rẹ̀. Ìda ń bo gbẹ́rẹ́ ni, kì í pa á rẹ́. Àwọn kan wà tó ń gba owó dídán tí wọ́n á sì fi ìda bò ó. Òjò mélòó kan ni yóò tú wọn fó.

Àwọn àgbà wa ti ṣe irú iṣẹ́ yìí, tó jinlẹ̀ ju tèmi lọ. Ní 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀ tí Babatunde Fafunwa darí bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ní 1984 ni ìwé èdè ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde. Kíláàsì ni wọ́n ṣe é fún. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kì í dúró de ìgbìmọ̀: ìgboro ló wo Mẹ̀sí tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù nínú oòrùn Èkó, tó sọ ọ́ ní Mẹ̀sí ọlọ́yẹ́. N ò rò pé ìgbìmọ̀ kan lè ṣe é dára tó bẹ́ẹ̀. Detailing, ìyẹn orúkọ gbogbo ìtọ́jú ọkọ̀ yìí lápapọ̀, ló ku èmi, mo sì fẹ́ lo fínfín àwọn agbẹ́gilére, kí n tó rántí pé fínfín nílò ọ̀bẹ. Fínnífínní ni mo fi rọ́pò rẹ̀: "A ń tọ́jú ọkọ̀ fínnífínní."

Ó wá ku ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn ọ̀dà kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọkọ̀. Mo kọ "òṣùwọ̀n ìnípọn ọ̀dà", ó sì wù mí. Nígbà tí mo padà lọ, wọ́n ti fi báírò pa á rẹ́, wọ́n kọ "mítà" sórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má bínú. Ọmọ Ṣakí yẹn ló mú mítà náà dání, ó ń gbé e kiri ara Mẹ̀sí dúdú kan, ó ń pe iye tó rí fún ẹnì kejì tó ń kọ ọ́: 112, 109, 114. Ó dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó pe 340, ó gbójú sókè wò mí.

"Bùrọ̀dá, wọ́n ti sípúréè ibí yìí rí."