Nẹ́gátíìfù Àtijọ́, Iṣẹ́ Ọnà Tuntun: Karl Ohiri àti Fíìmù Àwọn Ayàwòrán Èkó

Ìfáárà

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí fíìmù àwọn ayàwòrán Èkó lẹ́yìn tí àwọn oníbàárà ti gba fọ́tò wọn lọ sílé. Àwọn onímọ̀ ti kọ púpọ̀ lórí ère gbígbẹ́ àti aṣọ híhun láwùjọ Yorùbá, ṣùgbọ́n a kò tíì ka fọ́tò sí tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ṣàṣà ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ènìyàn yóò wọ̀ tí kò ní bá fọ́tò bàbá tàbí ìyá onílé lára ògiri. Babatunde Lawal, nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí ó jáde nínú Art Bulletin ní ọdún 2001, tú ọ̀rọ̀ náà "àwòrán" sí à-wò-rántí. Bí ìtúpalẹ̀ yìí bá tọ̀nà, a jẹ́ pé ẹni tí ó da àwòrán nù, ìrántí ni ó dà nù.

Fífi nẹ́gátíìfù dárà kì í ṣe àjèjì sí wa. Stephen Sprague ṣe ìwádìí lórí àwọn ayàwòrán Ìlá-Ọ̀ràngún, àbájáde rẹ̀ sì wà nínú African Arts ti ọdún 1978. Ó ṣàlàyé pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ayàwòrán a máa ya èyí tí ó kù láyé, yóò sì tẹ nẹ́gátíìfù kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan ṣoṣo, kí ó lè dà bí ẹni pé Táyé àti Kẹ́hìndé jókòó ti ara wọn. Iṣẹ́ tí ère ìbejì ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni fọ́tò yìí ń ṣe. Nẹ́gátíìfù ni ó gba ìdílé náà lọ́wọ́ òfo.

Bí Fíìmù Ṣe Ń Bàjẹ́

Kí a tó lè mọ rírì iṣẹ́ Ohiri, ó yẹ kí a mọ ohun tí fíìmù jẹ́. Ike pẹlẹbẹ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Orí ike yìí ni wọ́n ń tẹ́ jẹ́látìnì sí. Inú awọ àti egungun ẹran ni jẹ́látìnì ti ń wá. Òun náà ni ó ń mú kí omi ẹsẹ̀ màlúù dì gbagidi bí a bá sè é tí ó sùn mọ́jú. Nínú fíìmù dúdú-àti-funfun, fàdákà wínníwínní tí ó wà nínú jẹ́látìnì ni ó di àwòrán. Ti fíìmù aláwọ̀ yàtọ̀: bí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́ tán, fàdákà yóò ti kúrò, aró mẹ́ta tí ó wà ní ìpele ìpele ni yóò ṣẹ́kù.

Nítorí náà, ohun tí ó lè ba omi ẹsẹ̀ màlúù jẹ́ lè ba fíìmù jẹ́. Bí ọ̀rinrin bá mú un, jẹ́látìnì yóò wú, yóò sì rọ̀. Ohun tí ń hù lára búrẹ́dì tí ó bu yóò hù lára rẹ̀, nítorí oúnjẹ ni ó jẹ́ fún un. Aró yóò ṣí kúrò ní ipò, ọ̀kan yóò sì ṣàn wọ inú èkejì. Ike náà fúnra rẹ̀, pàápàá èyí tí wọ́n fi asétéètì ṣe, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ọtí kíkan, yóò sì máa sún kì. Ibi tútù tí ó gbẹ ni ó yẹ ẹ́. Ní ìlú tí ooru àti òjò pọ̀ bí Èkó, tí iná mànàmáná kò sì ṣe é gbọ́kàn lé, ayàwòrán wo ni yóò máa fi ẹ̀rọ amúlétutù ṣọ́ fíìmù tí oníbàárà kò béèrè mọ́?

Kámẹ́rà tí kì í lo fíìmù dé, fóònù alágbèéká tẹ̀ lé e. Ilé-iṣẹ́ Kodak pàápàá wọ ilé-ẹjọ́ gbèsè ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2012. Ọ̀pọ̀ sítúdíò ti ilẹ̀kùn. Àpótí nẹ́gátíìfù di ẹrù tí ń gba àyè.

Àwọn Àwòrán Tí Ó Ti Bàjẹ́

Karl Ohiri jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tí ó dàgbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 2015, nígbà tí ó mọ̀ pé àwọn ayàwòrán Èkó ń ba nẹ́gátíìfù wọn jẹ́, tàbí pé wọ́n ń pa wọ́n tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jọ. Òun àti Riikka Kassinen, oníṣẹ́ ọnà ọmọ ilẹ̀ Finland, ni ó dá Lagos Studio Archives sílẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún nẹ́gátíìfù ni wọ́n ti kó jọ. Àwọn kan ṣì dára. Àwọn mìíràn kò ṣe é wò mọ́ gẹ́gẹ́ bí fọ́tò lásán.

Àwọn tí kò ṣe é wò yìí ni Ohiri fi ṣe Archive of Becoming. Kò tún wọn ṣe. Bí ooru àti ọ̀rinrin ṣe fi wọ́n sílẹ̀ ni ó ṣe tẹ̀ wọ́n jáde. Ẹni tí ó wọ aṣọ tí ó dára jù lọ lọ sí sítúdíò wá di ẹni tí àwọ̀ ṣàn bò lójú; ìjókòó rẹ̀ ṣì hàn, ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Iṣẹ́ yìí wà lára èyí tí Museum of Modern Art ní New York fi hàn láàrin oṣù Èbìbí àti oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ ọdún 2023, nínú àfihàn New Photography tí Oluremi Onabanjo ṣètò. Oníṣẹ́ ọnà méje tí iṣẹ́ wọn so mọ́ Èkó ni ó kópa, Kelani Abass àti Akinbode Akinbiyi sì wà lára wọn.

Ta Ni Ó Ni Àwòrán?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le. Ohiri kọ́ ni ó tẹ kámẹ́rà. Ayàwòrán kan ní Èkó ni ó to iná, tí ó ní kí oníbàárà gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Ooru àti òjò náà sì ṣiṣẹ́ tiwọn. Ìgbà tí a bá kó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dé ilé àfihàn, orúkọ ẹni tí ó gbà á là ni ó máa ń ṣáájú. A kò lè bínú sí ẹni tí ó yọ ohun ìní wa kúrò nínú ààtàn. Síbẹ̀, ó ń kọ wá lóminú pé ẹni tí ó sanwó kí ó lè lẹ́wà nínú fọ́tò ni àlejò ń wò báyìí nínú ìbàjẹ́, láìmọ orúkọ rẹ̀.

Lagos Studio Archives kan náà fi ọ̀nà mìíràn hàn. John Abe àti ìyàwó rẹ̀, Funmilayo Abe, ni ó ni sítúdíò Abi Morocco Photos, tí ó ṣiṣẹ́ ní Èkó láti àárín ọdún 1970 sí 1979 títí di 2006. Láti ọdún 2024 sí 2025, wọ́n fi iṣẹ́ tọkọtaya yìí hàn ní Autograph, ní London, pẹ̀lú orúkọ wọn gbangba. Ó bá a mu bẹ́ẹ̀, nítorí ọmọ Yorùbá, Rotimi Fani-Kayode, ni alága àkọ́kọ́ Autograph nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọdún 1988. Lójú tiwa, irú àfihàn yìí ni ó wúlò jù fún onítàn, nítorí a rí ayàwòrán, a rí àdúgbò, a rí aṣọ ìgbà náà. Ṣùgbọ́n Archive of Becoming ń ṣe ohun tí àfihàn kejì kò lè ṣe: ó fi òfo náà gan-an hàn wá.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń wá àkòrí fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lè bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ayàwòrán àgbà tí ó wà ní ìlú wọn. Kí wọ́n béèrè ibi tí nẹ́gátíìfù wà, kí wọ́n má fi ọwọ́ kan ojú rẹ̀, kí wọ́n sì gbé e kúrò nínú ọ̀rá. Àpò-ìwé oníbébà ni kí wọ́n lò. Kí wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ ayàwòrán, orúkọ ẹni tí ó jókòó àti ọdún sí i lára, kí wọ́n tó ki nẹ́gátíìfù bọ inú rẹ̀.