Òrùlé àti Ooru Ilé ní Ilẹ̀ Ìkálẹ̀: Láti Imọ̀ Ògùrọ̀ dé Páànù

Iṣẹ́ yìí wo bí ìyípadà òrùlé ṣe yí ooru inú ilé padà ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, àpẹẹrẹ Ìkọ̀yà, ìlú Abodi. Ilẹ̀ pupa ni ti agbègbè náà. Orúkọ Òkìtìpupa pàápàá ń jẹ́rìí sí i. Erùpẹ̀ yìí ni àwọn baba wa pò láti fi mọ ògiri, wọ́n sì fi imọ̀ ògùrọ̀ inú àbàtà bo ilé. Ògiri tí ó nípọn kì í tètè gbóná. Afẹ́fẹ́ tí ó há sáàárín ewé sì ń dá ooru oòrùn dúró. Ṣùgbọ́n imọ̀ a máa jẹrà, a sì máa gbaná.

Ní ọ̀rúndún ogún, owó kòkó àti epo pupa mú kí apá ọ̀pọ̀ onílé ká páànù. Ẹni tí ó bá kan páànù di gbajúmọ̀. Ṣùgbọ́n irin tín-ín-rín náà ń gba ooru, ó sì ń tú u lé ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ lórí. Àjà ni ó ń gba ẹni lọ́wọ́ rẹ̀, yálà ti amọ̀ tí àwọn àgbà fi ń dènà iná, tàbí ti pákó.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni padà sí imọ̀. Ṣùgbọ́n kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní 2023, lítà kan kò tó ₦200; láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ti sún mọ́ ₦500. Ẹni tí ó ń fi jẹnẹrétọ̀ yí fáànù lábẹ́ páànù tí kò ní àjà, ooru òrùlé ni ó ń náwó lé lórí. Kí ó kọ́kọ́ kan àjà, kí ó dá ihò atẹ́gùn sí abẹ́ òrùlé, kí ó sì kun páànù ní ọ̀dà funfun. Bí ó bá wá fẹ́ ra pánẹ́ẹ̀lì oòrùn lẹ́yìn náà, kékeré ni yóò tó o.