Ewéko Tó Ń Ké Gbàjarè



Ní May 2015, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òjé ti pa ọmọ 28 ní àgbègbè Shikira, ìjọba ìbílẹ̀ Rafi, ní ìpínlẹ̀ Niger wa níbí. Ọ̀kankan nínú wọn ò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní 2010, ọmọ tó lé ní 400 ló bá irú ẹ̀ lọ ní Zamfara. Inú òkúta tí wọ́n ti ń wá wúrà ni òjé náà wà. Wọ́n gbé òkúta wá sílé, wọ́n lọ̀ ọ́, eruku ẹ̀ bá bà sílẹ̀ níbi táwọn ọmọ ti ń ṣeré. Òjé kì í rùn. Ìgbà tí gìrì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn ọmọ ni ọ̀rọ̀ tó hàn síta.

Àbí kò sí ohun tó lè tètè sọ fúnni ni? Ó wà o. Àgbẹ̀ tó bá rí i pé èkan ti gba oko òun ti mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣá, kò ní dúró dìgbà tí iṣu bá kéré. Ní Britain, àwọn awakùsà máa ń gbé ẹyẹ canary wọ inú ihò. Bí afẹ́fẹ́ burúkú bá wà níbẹ̀, ẹyẹ ni yóò kọ́kọ́ ṣubú, àwọn á sì sá jáde. Wọ́n ṣe é títí di 1986.

Ewéko ni wọ́n wá gbé iṣẹ́ náà fún báyìí. Ní 2004, iléeṣẹ́ Aresa ní Denmark kéde ewéko kan tí wọ́n tún àbùdá ẹ̀ ṣe, tí ewé ẹ̀ á pọ́n bí bọ́ǹbù bá wà nínú ilẹ̀ tó hù sí. Ní 2016, Michael Strano àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì MIT, Amẹ́ríkà, fi èròjà káábọ̀n tín-ín-tín sínú ewé spinach. Bí gbòǹgbò ẹ̀ bá fa omi tó ní èròjà bọ́ǹbù, ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú lásán ò lè rí lára ewé náà á yí padà. Kámẹ́rà á rí i, á sì fi ímeèlì ránṣẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe irú ẹ̀ fún arsenic, májèlé inú ilẹ̀, nínú ìrẹsì àti spinach.

Òjé ló pa àwọn ọmọ tiwa. Bí wọ́n bá ṣe ti òjé náà, tí wọ́n sì gbé e dé abúlé, ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé á ké gbàjarè kí gìrì tó gbé ọmọ.

Kó tó dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ wúrà, ẹ má gbé òkúta wọlé, ẹ má fi aṣọ iṣẹ́ gbé ọmọ, ẹ má sì lọ òkúta nínú ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ọkà. Ẹ má jẹ́ ká tún fi ọmọ ṣe ẹyẹ inú ihò.