Ajá Kékeré Àmúlùmálà ní Accra: Ìbéèrè tí Bosman Kò Béèrè

Ní 1704, ará Holland kan tí ń jẹ́ Willem Bosman tẹ ìwé kan jáde nípa etíkun tí àwọn òyìnbó ń pè ní Gold Coast, èyí tí a mọ̀ sí Gánà lónìí. Ó ti lo nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlá nídìí òwò níbẹ̀. Góòlù, ẹrú àti ogun ni ó kún inú ìwé náà, síbẹ̀ ó ráyè sọ̀rọ̀ ajá. Ó ní bí ajá ilẹ̀ Yúróòpù bá dé etíkun yìí, ńṣe ni ó ń bàjẹ́: etí rẹ̀ á gùn, á sì le bí etí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, àwọ̀ rẹ̀ náà á fà sí ti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, á di ẹranko tí kò wu ojú í rí, bí ó bá sì bímọ dé ìran kẹta tàbí ìkẹrin, gbígbó á di híhu. Ní 1868, Charles Darwin mú ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé rẹ̀ lórí àyípadà tí ń dé bá ẹran ọ̀sìn àti irúgbìn. Àlàyé tirẹ̀ ni pé ojú ọjọ́ ilẹ̀ olóoru ń da ara ajá rú, ó sì ń dá a padà sí ipò tí àwọn baba ńlá rẹ̀ wà.

Ìbéèrè tí ìyá arúgbó èyíkéyìí ní Accra ì bá kọ́kọ́ bi Bosman kò sí nínú ọ̀rọ̀ tí Darwin mú lò: ta ni bàbá àwọn ọmọ ajá wọ̀nyí?

Ní ìgbà ayé Bosman, odi mẹ́ta ni àwọn òyìnbó ní ní Accra nìkan, tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn láti ọ̀kan dé èkejì: Crèvecoeur ti àwọn ará Holland, Christiansborg ti àwọn ará Denmark ní Osu, àti James Fort tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ní 1673. Ajá tí ó bá ọkọ̀ òkun dé kò lè jókòó sínú odi títí ayé. Ajá ìlú sì wà níta, tí etí rẹ̀ nà sókè, tí irun rẹ̀ kúrú, tí àwọ̀ rẹ̀ sábà máa ń pọ́n rúsúrúsú. Lójú tèmi, ọmọ ni ó jọ bàbá tí Bosman pè é ní ìbàjẹ́. Ní ti ajá àgbà tí ó ti òkèèrè wá tí ó sì ń burẹ́wà sí i lọ́dọọdún, eégbọn àti àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ẹ̀jẹ̀ tó láti sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ní 2018, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbé iṣẹ́ jáde lórí àbùdá ajá ìbílẹ̀ láti Nàìjíríà. Wọ́n rí àmì pé ara àwọn ajá náà ti mọ bí a ṣe ń bá kòkòrò afàìsàn ilẹ̀ olóoru jà. Ẹ̀jẹ̀ tí ó yí etí àti àwọ̀ padà lójú Bosman ni ó ṣeé ṣe kí ó dá ẹ̀mí àwọn ọmọ náà sí.

Ó yẹ kí àwa olùkọ́ èdè dúró díẹ̀ níbí. Ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ní nípa ajá, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí a bá ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, a ti gbà pé ajá ní ọ̀gá tí ń dọdẹ. Àwọn àgbà a tún máa fi òwe sọ ajá lórúkọ, kí wọ́n lè fi ìpè ajá bá aládùúgbò wí; níbẹ̀ náà, iṣẹ́ alárinà ni ajá ń ṣe. Ṣùgbọ́n ajá kékeré tí ń sùn lẹ́bàá àga ní Dansoman tàbí ní Adenta kò mọ fèrè kankan. Wíwà pẹ̀lú ènìyàn ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a nílò fún un wà lẹ́nu wa tipẹ́: ìwà.

Ìwà ajá àmúlùmálà kò ṣeé kà lójú rẹ̀. Bí abo ajá bá gba ju akọ kan lọ lásìkò kan náà, àwọn ọmọ tí ó bí lọ́jọ́ kan ṣoṣo lè ní bàbá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tí a lè tún ṣe ni ìtọ́dàgbà: láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkejìlá ni ọmọ ajá ń pinnu ohun tí kò ní í máa bẹ̀rù. Èyí tí ó bá ti pàdé ọmọdé, àlejò àti ariwo ọ̀kadà lásìkò yẹn yóò balẹ̀ ju èyí tí wọ́n há mọ́ ẹ̀yìnkùlé lọ. Ajá kékeré tí ń gbó gbogbo ènìyàn kì í sábà jẹ́ akíkanjú. Ẹ̀rù ni ó ń bà á. Lọ́dọọdún, kí ọdún Homowo tó dé, àwọn Gá a máa fi òfin de ìlù àti ariwo ní Accra fún nǹkan bí oṣù kan. Ajá nìkan ni òfin náà kò mú, síbẹ̀ òun ni ó ń gbádùn rẹ̀ jù. Òru tí ó parí ọdún yàtọ̀: báńgà a máa dún lọ́tùn-ún lósì, ẹni tí ó bá ní ajá ojo a sì ṣe dáadáa bí ó bá mú un wọ yàrá inú, tí ó bá a jókòó.

Irun gígùn tí irú ajá yìí sábà ń jogún lọ́dọ̀ baba ńlá òkèèrè kò bá oòrùn Accra mu. Híhẹlẹ ni ajá fi ń tu ara rẹ̀ lára, nítorí náà òwúrọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí a mú un rìn, kí a máa ya irun rẹ̀, kí a sì máa wá eégbọn nínú etí àti láàárín ọmọ ìka. Ọṣẹ dúdú Yorùbá, tí àwọn ará Gánà ń pè ní alata samina, a máa bọ́ sọ́wọ́ àwọn kan láti fi wẹ ajá. (Alata ni orúkọ tí wọ́n ń pe ará ìhà Nàìjíríà, àdúgbò Ngleshie Alata ṣì wà nítòsí James Fort.) Eérú ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ náà, ó sì le jù fún awọ ajá bí a bá ń lò ó lemọ́lemọ́. Ní ti oúnjẹ, banku àti ẹja kò burú, ṣùgbọ́n kí shito má bá a lọ: àlùbọ́sà inú rẹ̀ ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́.

Gbogbo èyí kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ àrùn dìgbòlugi. Ojú tí Bosman fi wo ajá kò tíì kú: ẹni tí ó fi owó ńlá ra ajá òyìnbó a máa tọ́jú ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí aládùúgbò fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, ajá lásán ni, a ó sì ní kò tó ohun tí à ń gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Àrùn náà kò mọ ìyàtọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí ènìyàn 59,000 ni dìgbòlugi ń pa lọ́dún kan lágbàáyé, àti pé ajá ni ó ń kó o ran ènìyàn nínú nǹkan bí 99 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ajá ìlú kan bá gba abẹ́rẹ́, àrùn náà kò ní í rí ọ̀nà tàn mọ́. Ajá lásán sì wà nínú ìṣirò yẹn bí ajá olówó. Nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni ọmọ ajá ti lè gba tirẹ̀. Nítorí pé eyín ajá kékeré kò tóbi, àwọn òbí a máa fojú fo ọgbẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọdé ni ó sábà ń fara gbà á. Omi tí ń ṣàn àti ọṣẹ ni kí a fi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, alata samina ìbáà ṣe, kí a sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí pé bí àmì àrùn bá ti hàn lára ènìyàn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí ń yè é.