Agbódegbà inú Kọ̀ǹpútà: Ìtàn Emotet àti Ohun tí Yíyọ Rẹ̀ Kúrò Túmọ̀ sí, 2014–2021

Nínú àwọn ètò búburú tí ń ba kọ̀ǹpútà jẹ́, ọ̀wọ́ tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Trojan downloader. Inú ìtàn àwọn ará Gíríìsì ni orúkọ náà ti wá. Àwọn ọmọ ogun tí kò rí odi ìlú Tírọ́ì wó fara pamọ́ sínú ẹṣin onígi, àwọn ará ìlú sì fi ọwọ́ ara wọn fà á wọlé. Ìròyìn tí James P. Anderson kọ fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà ní 1972 wà lára àwọn ìwé tí ó kọ́kọ́ lo orúkọ yìí fún ètò kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ní ti downloader, ẹṣin náà kò gbé ọmọ ogun sínú nígbà tí ó ń wọlé. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó wọlé, kí ó fìdí múlẹ̀, kí ó sì ránṣẹ́ pe àwọn tí ó wà lóde. Yorùbá ń pe ẹni tí ó bá olè lẹ̀dí àpò pọ̀ ní agbódegbà. Ọ̀rọ̀ náà bá a mu, àyàfi pé inú ilé ni eléyìí ń gbé. Ohun tí ìtàn Emotet fi hàn ni pé lílé agbódegbà jáde kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú lílé olè jáde.

Ní 2014 ni àwọn olùṣèwádìí kọ́kọ́ ṣàpèjúwe Emotet. Nígbà náà, olè báńkì lásán ni. Àwọn oníbàárà báńkì ní Jámánì àti Austria wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ dojú kọ. Nígbà tí ó ṣe, àwọn tí ó ni ín rí i pé èrè wà nínú kí wọ́n máa ṣílẹ̀kùn fún olè mìíràn kí wọ́n sì gba owó ìlẹ̀kùn. Ìyípadà yìí ni kókó ìtàn náà.

Ọ̀nà tí ó ń gbà wọlé kò ní idán nínú. Ímeèlì ni. Láti ìparí 2018 ni ó ti ń kó àwọn lẹ́tà tí ó bá nínú kọ̀ǹpútà tí ó wọ̀, tí ó sì ń fi wọ́n kọ èsì èké. Ẹni tí ó gba irú èsì bẹ́ẹ̀ yóò rí orúkọ ẹni tí ó mọ̀, yóò rí ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ rí nísàlẹ̀ rẹ̀, kò sì ní fura. Fáìlì Word kan a máa bá a wá, tí wọ́n pè ní ìwé owó tàbí ìwé ẹrù. Bí ó bá ṣí i, àkọlé kan yóò sọ fún un pé ìwé náà kò lè hàn dáadáa àfi bí ó bá tẹ bọ́tìnnì ìyọ̀ǹda kan. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Bọ́tìnnì yìí ni ẹnu ògiri. Àṣẹ macro tí ó sùn sínú ìwé náà yóò jí, yóò pe PowerShell, tí Microsoft fi sínú Windows fún iṣẹ́ rere. PowerShell ni yóò lọ bu Emotet gan-an wá láti orí ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì àwọn aláìṣẹ̀ tí kò mọ̀ pé olè ti ń lo ilé àwọn. Ó máa ń ní ju ojúlé kan lọ lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ti ọ̀kan pa, yóò yà sí òmíràn. Lẹ́yìn èyí, yóò fi orúkọ ara rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ Windows kí ó lè máa jí nígbàkígbà tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ náà, yóò kàn sí server àwọn ọ̀gá rẹ̀, yóò sì máa retí àṣẹ. Láàárín kan náà, yóò máa dán àwọn ọ̀rọ̀ aṣínà tí ó rọrùn wò lára àwọn ẹ̀rọ tí ó wà nítòsí rẹ̀.

Ìlú Allentown ní Pennsylvania ná nǹkan bí mílíọ̀nù 1 dọ́là sórí àtúnṣe ní 2018. Ti Lake City ní Florida, ní oṣù kẹfà 2019, ni ó fi ìpele mẹ́ta iṣẹ́ náà hàn jù: Emotet ṣílẹ̀kùn, TrickBot jí ọ̀rọ̀ aṣínà, Ryuk sì ti àwọn fáìlì pa. Bitcoin 42, tí iye rẹ̀ tó nǹkan bí 460,000 dọ́là, ni wọ́n san kí wọ́n tó rí kọ́kọ́rọ́ gbà. Ti ilé ẹjọ́ Kammergericht ní Berlin, ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, kò pa ariwo tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣe pàtàkì níhìn-ín ju méjèèjì lọ. Wọ́n já ilé ẹjọ́ náà kúrò lára nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìjọba. Ìròyìn àwọn onímọ̀ tí ó hàn sí gbangba ní oṣù kìn-ín-ní 2020 sọ pé àwọn olè náà wà ní ipò tí wọ́n ti lè kó gbogbo àkọsílẹ̀ ibẹ̀ lọ, àti pé kí wọ́n tún gbogbo ètò ẹ̀rọ náà kọ́ láti ìpìlẹ̀. Orúkọ ẹlẹ́rìí àti afurasí a sì máa wà nínú àkọsílẹ̀ ilé ẹjọ́. Irú èyí, kò sí àtúnṣe ẹ̀rọ tí ó lè dá a padà.

Ìdí nìyí tí ìmọ̀ràn BSI, àjọ tí ń rí sí ààbò kọ̀ǹpútà ní Jámánì, fi le: ẹ̀rọ tí Emotet bá ti wọ̀, kí wọ́n kà á sí èyí tí ó ti bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá pátápátá. Kí wọ́n kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò lára nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kí alábòójútó má ṣe fi ọ̀rọ̀ aṣínà ńlá rẹ̀ wọ inú rẹ̀, nítorí ohun tí TrickBot ń dúró dè gan-an nìyẹn. Orí ẹ̀rọ mìíràn tí ó mọ́ ni kí wọ́n ti pààrọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n pa ohun gbogbo tí ó wà lórí ẹ̀rọ náà rẹ́, kí wọ́n fi Windows sí i lákọ̀tun, kí wọ́n sì dá iṣẹ́ padà láti inú ẹ̀dà ìpamọ́ tí ó ti wà ṣáájú àrùn náà. Ètò agbógunti-fáírọ́ọ̀sì tí ó nu ẹ̀rọ kan ṣoṣo kò tó. Èyí tí wọ́n nù ní òwúrọ̀, aládùúgbò rẹ̀ lè tún kó o ràn án ní ọ̀sán.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kìn-ín-ní 2021, Europol kéde pé àwọn agbófinró orílẹ̀-èdè mẹ́jọ, Netherlands, Jámánì àti Ukraine lára wọn, ti gba àkóso àwọn server Emotet. Gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́ Amẹ́ríkà ti wí, ó ju mílíọ̀nù 1.6 kọ̀ǹpútà lọ tí ó kó o láàárín ọjọ́ 1 oṣù kẹrin 2020 àti ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní 2021. Ohun tí ó tẹ̀ lé e ṣàjèjì. Ojú ọ̀nà tí àwọn olè ń gbà ránṣẹ́ ni àwọn agbófinró gbà fi fáìlì tiwọn ránṣẹ́ sínú àwọn ẹ̀rọ tí ó ti lárùn, fáìlì náà sì yọ Emotet kúrò ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin 2021. Wọn kò tọrọ ààyè lọ́wọ́ onílé. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ọlọ́pàá gba ojú fèrèsé tí olè fọ́ wọ ilé onílé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé olè ni ó fẹ́ lé? Ìbéèrè yìí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ó dà bí ẹni pé ìjọba Amẹ́ríkà mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí àlàyé wọn tẹnu mọ́ ọn pé àwọn agbófinró ilẹ̀ òkèèrè, kì í ṣe àwọn òṣìṣẹ́ FBI, ni ó fi fáìlì náà sórí server. Àlàyé kan náà ní gbólóhùn mìíràn tí ọ̀pọ̀ tí ń yọ̀ nígbà náà kò fetí sí: fáìlì àwọn agbófinró kò yọ ètò búburú mìíràn tí Emotet ti kó wọlé ṣáájú.

Ní oṣù kọkànlá 2021, Emotet tún yọjú. TrickBot, tí Emotet ti ń ṣílẹ̀kùn fún láti ọdún yìí wá, ni ó wà nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí ó wọ̀. Òun ni ó sì lọ gbé e wá.