Rédíétọ̀ Idẹ, Rédíétọ̀ Oníke

Àwa tí a kọ́ṣẹ́ rédíétọ̀ ní agbègbè Ọ̀wọ̀ nígbà tí Peugeot 504 ń jọba lójú títì, idẹ, bàbà àti òjé la bá lọ́wọ́ ọ̀gá wa. Táńkì òkè àti tìsàlẹ̀, idẹ ni. Àwọn ọ̀pá wẹ́wẹ́ tí omi ń gbà kọjá, idẹ náà ni. Páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà láàárín ọ̀pá sí ọ̀pá, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, bàbà ni. Òjé yíyọ́ ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀, ohun tí iná bá sì so, iná lè tú u. Ibẹ̀ ni oúnjẹ wa wà.

Bí dẹ́rẹ́bà bá ní mọ́tò òun ń se, a ó tú rédíétọ̀ rẹ̀, a ó dí ẹnu hóòsì, a ó rì í sínú dúróòmù omi, a ó sì fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Ibi tó bá ti ń hó, ibẹ̀ ló ti ń jò. A ó fi ásíìdì fọ ojú ibẹ̀, a ó da òjé sí i. Bó bá jẹ́ pé ìdọ̀tí ló dí i nínú, a ó fi iná ṣí táńkì òkè, a ó wá máa ki irin pẹlẹbẹ bọ ọ̀pá kọ̀ọ̀kan títí ẹrẹ̀ pupa yóò fi tán níbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ń fi irin yẹn lu ọ̀pá já, kò tíì tó ẹni tó ń ṣe fírídọ̀mù. Àwọn ọ̀lẹ inú wa a máa fi òjé dí ọ̀pá tó ń jò pa, wọn a sì gbowó. Bí ọ̀pá bíi mélòó kan bá ti di dídí báyẹn, mọ́tò náà ò ní lè gun òkè Akùngbá dé Ìkàrẹ́ kó má dúró mí.

Àwọn lọ́rì agégẹdú, Bedford àti Mercedes 911, tó ń ti igbó apá Ìfọ́n bọ̀, ló bọ́ àwọn ọ̀gá wa. Nígbà tó di 1975 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná, ọwọ́ wa kún. Ọdún yẹn kan náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní Èkó, ṣùgbọ́n mọ́tò Ìjàpá wọn ò mú kọ́bọ̀ wá fún wa: atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnì rẹ̀ lára, kò ní rédíétọ̀ rárá.

Lóde Yúróòpù, láàárín àwọn ọdún 1970, Volkswagen àti àwọn mìíràn ti ń fi alumíníọ̀mù rọ́pò bàbà, nítorí bàbà wúwo ju ú lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, ó sì tún wọ́n. Táńkì di náílọ́ọ̀nù tí wọ́n po fọ́nrán gíláàsì mọ́. Wọ́n á fi rọ́bà sáàárín, wọ́n á sì tẹ eyín alumíníọ̀mù mọ́ etí ike náà yíká. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ ní 1986, tí mọ́tò tuntun kọjá agbára olùkọ́ àti akọ̀wé, tòkúnbọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé láti Kùtọ̀nú, rédíétọ̀ oníke sì bá wọn wọ̀lú. Ìgbà tí Toyota Kámúrì Oróbó fi gbalẹ̀, rédíétọ̀ oníke ló pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n ń gbé wá fún wa.

Òjé wa ò dì mọ́ ọn. Alumíníọ̀mù ní awọ kan tí afẹ́fẹ́ ń dà lé e, bí o ti ń ha á ni ó ń hù padà. Ike ńkọ́? Iná wa á yọ́ ọ dànù. A wá di ẹni tó ń po gọ́ọ̀mù 4 Minutes, tí à ń bẹ Ọlọ́run kí ó dúró títí oníbàárà á fi délé.

Àwọn ẹgbẹ́ mi ní ayédèrú ni ike. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Lóòótọ́, ike ń gbó: ooru á sọ ọ́ di gbígbẹ, á là ní ọrùn hóòsì, tòkúnbọ̀ sì ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lókè òkun kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ta ló yọ tamosítáàtì sọnù, tó ní ilẹ̀ wa gbóná? Ta ló ń bu omi odò sí i dípò kúláǹtì, tí alumíníọ̀mù fi jẹrà? Ẹ wo ọmọrí rédíétọ̀, ọ̀pọ̀ ni wọ́n kọ 0.9 sí, ìwọ̀n agbára tó fi ń tẹ omi mọ́lẹ̀ nìyẹn. Bí rọ́bà ọmọrí yẹn bá pé, omi inú rédíétọ̀ ò ní se títí yóò fi tó nǹkan bí 118 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lṣíọ́ọ̀sì. Bó bá ti jẹrà, 100 péré ni. Ọmọrí tí kò tó nǹkan ni wọn ò rà, wọ́n wá ń jó gásíkẹ́ẹ̀tì.

Idẹ náà ò mọ́ tó bí wọ́n ṣe ń yìn ín. Májèlé ni òjé; a fa èéfín rẹ̀ símú, a fi ọwọ́ kan náà jẹ ẹ̀bà. Kì í sì í ṣe ike nìkan ló lé rédíétọ̀ idẹ lọ. Bàbà ní ọjà. Àwọn tó ń ra irin àlòkù ń fi kílò wọ̀n ọ́n, àwọn ọlọ́mọ́tò sì rí i pé òkú rédíétọ̀ ń mówó wá ju alààyè tó ń jò lọ. Alumíníọ̀mù náà ń rí ẹni rà á, wọ́n ń yọ́ ọ rọ ìkòkò. Táńkì ike ni wọ́n máa ń já jù sílẹ̀ fún wa.

Ní báyìí, èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi jẹ́ tòkúnbọ̀ láti ọjà Ládípọ̀ ní Èkó. Bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ má wo bí wọ́n ṣe kùn ún ní dúdú. Ẹ fi èékánná ha ike ní ọrùn hóòsì: bó bá ti pọ́n, tó ń ṣí bí èèpá, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Ẹ ki ìka bọ inú rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹrẹ̀ pupa bá bá a jáde, omi lásán ni wọ́n ń bu sí i níbi tó ti ń bọ̀.