Ibi Tí A Fojú Sí: Serotonin Láàárín Ìfun àti Ọpọlọ

Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gba ibẹ̀. Ẹni tí ìrètí rẹ̀ já sófo la sábà máa ń pa òwe yìí fún, bíi pé ìkáàánú nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ pé kò sí ọ̀nà. Ọ̀nà wà; ibòmíràn ló gbà. Bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ serotonin rí, èròjà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ pé ó ń mú inú dùn, tí wọ́n sì gbà pé ọpọlọ ni ilé rẹ̀.

Ìfun ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Vittorio Erspamer, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, fa èròjà kan yọ lára ìfun ẹranko ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì rí i pé ó máa ń mú kí iṣan súnkì. Ní 1948, Maurice Rapport, Arda Green àti Irvine Page rí tiwọn nínú ẹ̀jẹ̀ ní ìlú Cleveland, ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì pè é ní serotonin. Ọdún 1952 ló tó hàn pé ọ̀kan náà ni méjèèjì. Ó di 1953 kí Betty Twarog àti Page tó bá a nínú ọpọlọ. Bí a bá pín gbogbo serotonin inú ara sí ọ̀nà 100, nǹkan bí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló wà nínú ìfun.

Bí iyán bá dé ìfun, tó fẹ ògiri rẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ògiri náà á tú serotonin jáde, ìfun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti oúnjẹ síwájú. Bí oúnjẹ bá ní májèlé, wọn a tú u jáde rẹpẹtẹ, èébì a dé, ìgbẹ́ gbuuru a tẹ̀ lé e.

A tún ń jẹ serotonin lẹ́nu. Ní 1960, J. M. Foy àti J. R. Parratt, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, kọ̀wé pé serotonin wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí kan náà là ń gbìn sáàárín kòkó kéékèèké lóko Ìjẹ̀ṣà kó lè ṣíji bò wọ́n. Òun náà ni wọ́n ń fi ṣe dòdò Ìkirè: èyí tó ti pọ́n kọjá ààlà, tí èèpo rẹ̀ ti dúdú, ni wọ́n ń gún mọ́ ata àti iyọ̀, kí wọ́n tó dín in nínú epo pupa títí yóò fi dúdú. Ẹlòmíràn á ti máa rò ó pé oògùn ìdoríkodò ti dé nìyẹn. Rárá o, ọ̀nà ò gba ibẹ̀. Ìfun, ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró ló ń fọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú serotonin tí a jẹ, ìyókù kò sì lè ti inú ẹ̀jẹ̀ bọ́ sínú ọpọlọ. Inú ìtọ̀ ni àfọ́kù rẹ̀ ń gbà jáde. Ìdí nìyí tí dókítà tó bá fẹ́ yẹ ìtọ̀ wò fún irú jẹjẹrẹ kan tó máa ń tú serotonin sínú ẹ̀jẹ̀ fi máa ń ní kí aláìsàn má fẹnu kan ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ọ̀pẹ̀yìnbó ṣáájú.

Báwo wá ni ọ̀rọ̀ inú ṣe ń dé orí? Iṣan ìmọ̀lára ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní vagus, tó so ikùn mọ́ ọpọlọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn fọ́nrán rẹ̀ ló ń ru ìròyìn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ìwọ̀nba ló ń gbé àṣẹ wá sísàlẹ̀. Serotonin inú ìfun kì í gòkè fúnra rẹ̀. Ó ń ta iṣan yìí jí, iṣan a sì jíṣẹ́. Ọpọlọ ń pèsè tirẹ̀ lọ́tọ̀, láti ara tryptophan tó wà nínú ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja.

Abájọ tí ẹni tí ìdoríkodò mú fi máa ń ṣàròyé inú: oúnjẹ kò wọ̀, inú ń kùn, ìgbẹ́ gbẹ tàbí kó ṣí. Ní Òṣogbo àti Iléṣà, àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ mu, lẹ́yìn náà ló kan àyẹ̀wò táífọ́ọ̀dù. A kì í sábà bi í bóyá ó ń rí oorun sùn, tàbí bóyá ohun tó ń gbádùn tẹ́lẹ̀ ṣì ń wù ú. Lójú tèmi, ìbéèrè yẹn ló yẹ kó ṣáájú abẹ́rẹ́.

Àwọn oògùn bíi fluoxetine, tí kì í jẹ́ kí serotonin tètè kúrò níbi tí àwọn iṣan ìmọ̀lára ti ń ránṣẹ́ síra wọn, lè mú kí èébì máa gbé aláìsàn láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí inú sì ṣí, nígbà tí ìtura ọkàn ṣì wà lọ́nà. Kí a má sì sọ àsọdùn: ní 2022, Joanna Moncrieff àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tú ìwádìí ọ̀pọ̀ ọdún wò, wọn kò rí ẹ̀rí tó dúró ṣinṣin pé àìtó serotonin ló ń fa ìdoríkodò. Oògùn náà ṣì ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Bó ṣe ń ṣe é ló ń fa àríyànjiyàn.

Igi kan wà nínú igbó wa tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gbọ̀ngbọ̀n: asofẹ́yẹjẹ. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ti ń fi gbòǹgbò rẹ̀ wo wèrè. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà, kọ̀wé lé e lórí ní 1960. Reserpine wà nínú rẹ̀, èròjà tí wọ́n kọ́kọ́ yọ ní 1952 láti ara ìbátan rẹ̀ ti ilẹ̀ Íńdíà. Ní 1955, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà rí i pé reserpine máa ń tú serotonin dànù níbi tó ti wà ní ìpamọ́. Ó ń mú wèrè rọlẹ̀, ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè ṣí inú, àwọn dókítà ìgbà náà sì ròyìn pé ó mú kí àwọn kan dorí kodò. Ẹni tó bá ń gba oògùn ìdoríkodò nílé ìwòsàn, tó tún ń mu àgbo tí asofẹ́yẹjẹ wà nínú rẹ̀, kó dárúkọ rẹ̀ fún dókítà, kódà bó ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń mu ún fún.